Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Ń Wá Awakọ̀ ní Union

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ti yọ tí òmíràn kò tíì hù, àwa ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ṣájà, ìlú tó kángun sí Dùbáì, kò mọ ohun tó ń jẹ́ àgbàlá. Inú pátíṣàn ni a ti ń ṣeré. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé àdúgbò Al Nahda nígbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ: yàrá kan ṣoṣo tí onílé fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pín, tí ẹni tó wà lápá ọ̀tún bá họra, ẹni tó wà lápá òsì á gbọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ń sùn lọ́sàn-án, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ń sùn lóru, kò wá sí wákàtí tí ọmọdé lè pariwo. Àwa la dá eré bojúbojú tí kò ní orin sílẹ̀. Bí ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu mi pẹ́nrẹ́n, màmá mi kì í sọ̀rọ̀. Ojú ni wọ́n fi ń bá mi wí, ojú náà sì máa ń dùn mí ju bàtà lọ. Bí ojú kò bá sì ṣiṣẹ́, bàtà kò jìnnà.

Kíṣìnì àjọlò ńkọ́? Bí màmá mi bá da irú sínú ọbẹ̀, ará India tó ń gbé nítòsí ìlẹ̀kùn á sín. Bí òun náà bá ń yan ata tirẹ̀, gbogbo wa á sín. Kò sẹ́ni tó bínú sẹ́nì kan, a jọ ń mú ara wa sín ni.

Èmi ò lọ sí ilé ìwé púpọ̀. Owó ilé ìwé wọn níbí, ẹni tó bá gbọ́ iye rẹ̀ á rò pé ilé náà gan-an ni wọ́n fẹ́ tà fún òun. Màmá mi ń di kágò fún àwọn tó ń ra ọjà lọ sí Èkó, iṣẹ́ tèmi sì ni kí n jókòó lórí báàgì kí wọ́n lè fa síìpù rẹ̀ pa. Mo sanra díẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń yìn mí nìyẹn. Ara páálí ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. FRAGILE ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lè kà. Mo rò pé orúkọ ẹni tó ni ẹrù ni, mo sì máa ń sọ lọ́kàn mi pé ọ̀gbẹ́ni yìí mà lówó o, gbogbo páálí ni tirẹ̀.

Ọrọ̀ ajé Dùbáì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú ni lásìkò tí mò ń sọ yìí. Àwọn ilé gogoro dúró láàbọ̀, kírénì sì dúró gangan lórí wọn bí ẹyẹ tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Àwọn òyìnbó pa mọ́tò olówó ńlá tì, wọ́n sá wọ bàálù, eruku bo mọ́tò náà títí ọmọdé fi ń fi ìka yàwòrán sí i. Bàbá mi ń ṣe sìkọ́rítì ní ilé gogoro kan ní Jumeirah Lake Towers, tí gbogbo ayé ń pè ní JLT, ìpẹ̀kun kejì Dùbáì sí wa. Ilé náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn á ro ẹni tó bá ń wò ó, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan nínú rẹ̀. Òfìfo ni bàbá mi ń ṣọ́. Màmá mi a máa ní olè tó bá wá jí òfìfo, kí wọ́n má mú un, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí iléeṣẹ́ wọn lé àwọn kan lọ, wọ́n kó iṣẹ́ àwọn tó lọ lé àwọn tó kù lórí. Bàbá mi kò rójú wálé mọ́. Ibùsùn tí iléeṣẹ́ fún wọn ni wọ́n ń sùn sí, ohùn wọn nìkan ni a sì ń gbọ́ lórí fóònù.

Lásìkò yẹn ni màmá mi bí àbúrò mi ọkùnrin, tí Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, sì wá láti Ọ̀fà láti wá máa wẹ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá àgbà jẹ́ fún yín. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ẹyin sísè ni wọ́n ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà. Wọ́n á gbé igbá ẹyin lórí, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé wíńdò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ta ẹyin kan, wọ́n á kọ́kọ́ sáré dé orí ọkọ̀ níbi tí awakọ̀ wà, wọ́n á kúnlẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ewu ọ̀nà.” Wọ́n á sì ki ẹyin méjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní awakọ̀ tó ti jẹ ẹyin ẹni kò ní í ṣí ọkọ̀ lójijì nígbà tí ẹni ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń gba owó ọjà. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn nídìí ibẹ̀ nígbà yẹn, agbéraga ni, kì í kí awakọ̀. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ gbé e tòun tọsàn, Ìlọrin ló ti sọ̀kalẹ̀, ọmọ ọmú sì ń bẹ nílé tó ń sunkún dè é. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin fún Ìyá àgbà: a kì í wọ ọkọ̀ láìkí awakọ̀. Ní Ṣájà níbí, bọ́ọ̀sì kankan ò lè gbé wọn kí wọ́n má kí awakọ̀. Wọ́n á sálámà sí i pẹ̀lú èdè Lárúbáwá tí wọ́n kọ́ ní ilé kéwú, ará Pakistan náà á sì dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín: “Wa alaykum salaam, mama!” Wọ́n á ní ọmọlúàbí ni gbogbo ará ìlú yìí.

Físà àbẹ̀wò wọn wá ń lọ sópin. Ó ku ọ̀la kí bàálù wọn gbéra, àtìgbà tí wọ́n sì ti dé, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìkan ni wọ́n fojú kan bàbá mi. Lọ́jọ́ náà gan-an, orí ìjókòó ni bàbá mi sùn sí kí wọ́n tó jẹun tán, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Òun nìkan sì ni ọmọ tó kù fún Ìyá àgbà. Wọ́n ní:

“Mi ò ní í padà sí Ọ̀fà, kí wọ́n bi mí pé Àkànní ńkọ́, kí n ní mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn ni mo bí ni?”

Bàbá mi bẹ ọ̀gá wọn títí, ọ̀gá ní kò sí àyè kúrò nídìí iṣẹ́, àfi kí ìyá wọn wá bá wọn níbẹ̀ lásìkò ìsinmi ọ̀sán. Bàbá mi ní kí a gba bọ́ọ̀sì dé ibùdókọ̀ Union, kí a wọ mẹ́tírò, ọkọ̀ ojú irin Dùbáì, níbẹ̀ lọ sí JLT. Owó táksí dé ibẹ̀, a lè fi jẹun títí a ó fi gbàgbé táksí. Màmá mi ò lè gbé ọmọ tuntun rìn nínú oòrùn yẹn, nítorí náà wọ́n ní kí Bùròdá Láńre tó ń gbé pátíṣàn ẹ̀gbẹ́ wa mú Ìyá àgbà àti èmi lọ. Bùròdá Láńre ń ta lọ́fínńdà. Wọn ò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Dùbáì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ ó rò pé àwọn ni wọ́n bu omi sínú òkun ibẹ̀.

Èmi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti ń rí mẹ́tírò láti wíńdò bọ́ọ̀sì, tó ń yọ̀ lọ lórí afárá gígùn bí ẹja nínú omi, mi ò sì wọ̀ ọ́ rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òórùn ẹyin sísè ti gba gbogbo pátíṣàn. Ìyá àgbà bó ẹyin méjì dán, wọ́n wọ́n iyọ̀ àti ata gígún sí i, wọ́n fi bébà fàdákà wé e. Mo rò pé tiwa ni. Mo nawọ́, wọ́n gbá a bọ́ lẹ́ẹ̀kan.

“Ti awakọ̀ ni.”

Bí a ṣe dé Union tí Ìyá àgbà rí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀, wọ́n dúró.

“Láńre, inú ilẹ̀? Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, ìyá. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Yalla, ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí Union nígbà tó ṣì tuntun? Atẹ́gùn tútù fọwọ́ pa wá lójú bí ìyá tó ń fi omi nu ojú ọmọ. Ilẹ̀ ń dán, ó mọ́ ju abọ́ tí àwọn kan fi ń jẹun lọ, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lárúbáwá onífunfun gbòò ń kọjá, òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tí sìmẹ́ńtì ṣì wà létí rẹ̀ ń kọjá, àwọn nọ́ọ̀sì ará Philippines ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí àdàbà, ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbà. Mi ò rí i rí kí olówó àti tálákà jọ tò sórí ìlà láìsí ẹni tó ń lù wọ́n.

Sìkọ́rítì kan rí bébà fàdákà lọ́wọ́ Ìyá àgbà, ó sì sọ nǹkan fún Bùròdá Láńre.

“Ìyá, ó ní wọn kì í jẹun níbí. Ẹni tó bá jẹun á san fáìnì.”

“Sọ fún un pé mi ò jẹ ẹ́. Ti awakọ̀ ni.”

Bùròdá Láńre wo ẹyin, wọ́n wo sìkọ́rítì, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Shukran, habibi,” wọ́n sì fà wá wọlé.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé. Kò dún fàkàfìkì, kò tú èéfín, kò fọn fèrè. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ ta gíláàsì tí wọ́n fi dènà ojú irin, iná yọ nínú òkùnkùn, ó sì yọ́ wọlé bí ẹni tó ń mí. Ó dúró, ìlẹ̀kùn tirẹ̀ sì kojú ìlẹ̀kùn gíláàsì rẹ́gí, kò sún, kò yẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti gba ìparí pèpéle lọ, níbi tí orí ọkọ̀ dúró sí, ẹyin lọ́wọ́ ọ̀tún, etí ìró lọ́wọ́ òsì. Wọ́n yọjú. Gíláàsì ni wọ́n rí, wọ́n rí èrò lẹ́yìn gíláàsì, wọn ò rí ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀.

“Awakọ̀ dà?”

“Kò ní awakọ̀, ìyá. Kọ̀ǹpútà ló ń wà á.”

“Ó wà níbo, kí n kí i?”

“Kò ṣeé kí. Ẹ̀rọ ni.”

Ìyá àgbà wo Bùròdá Láńre bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ já ẹran nínú ìkòkò.

“Ó lọ tọ̀ ni. A ó dúró de èyí tó ń bọ̀.”

Èyí tó ń bọ̀ náà dé, kò ní awakọ̀. Òmíràn dé, bákan náà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di wíwo ọkọ̀ nìyẹn o. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bí atẹ́gùn bá ti ta gíláàsì báyìí, Ìyá àgbà á dìde, wọ́n á lọ dúró níbi orí ọkọ̀, wọ́n á yọjú, wọ́n á padà wá jókòó. Èmi ò mọ ẹ̀dùn kankan nígbà yẹn. Ìgbádùn ń gùn mí bí ẹṣin! Bùròdá Láńre kọ́ mi ní eré kan: kí n sọ apá tí ọkọ̀ á kọ́kọ́ ti yọ, ẹni tó bá gbà á tì á jẹ kọ́ọ́lù kan, kí èkejì fi eegun ìka kàn án lórí. Kò pẹ́ tí mo fi ń fi etí mi nìkan mọ̀ ọ́n, kọ́ọ́lù wá pọ̀ lórí Bùròdá Láńre, wọ́n ní eré ti tán. Mo rí ọkọ̀ tó kún fún àwọn ọmọ ilé ìwé, mo rí èyí tí ọkùnrin kan gbé fèrè aláfẹ́fẹ́ aláràbarà sínú rẹ̀, mo rí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tí obìnrin kan ń sùn nínú rẹ̀ bí ọba. Ìyá àgbà pàápàá ń yìn ín.

“Ọkọ̀ yìí lẹ́wà. Ẹnìkan ò gun òrùlé rẹ̀. Bó ṣe ń dúró déédéé yẹn, ẹni tó kọ́ ọ kọ́ ọ dáadáa.” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ yẹn, kò kọ́ ọ láti jẹ́ ìkíni.”

Ọ̀sán pọ́n. Fóònù Bùròdá Láńre dún, bàbá mi ni. Àsìkò ìsinmi wọn ti wọlé, wọ́n ti ń retí wa ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà gba fóònù.

“Àkànní, ọkọ̀ ìlú yín kò ní awakọ̀.”

A ń gbọ́ ohùn bàbá mi: “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́. Kò sí ewu. Gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́.”

“Gbogbo ayé kọ́ ni ìyá rẹ. Bí mo bá fẹ́ sọ̀ tí ọkọ̀ ò dúró, ta ni mo máa bẹ̀? Ta ló mọ̀ pé mo wà nínú rẹ̀?”

“Màámi, ọ̀la lẹ̀ ń lọ.”

Ìyá àgbà dá fóònù padà fún Bùròdá Láńre, wọ́n sì tún bébà fàdákà náà wé. Mo wá rí i pé eré ti kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n dìde sí ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn fẹ́ pa dé, ó ké bíi bípù, bípù, wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn yọ.

“Ẹ rí i? Kò béèrè bóyá mo ti wọlé.”

Àsìkò ìsinmi bàbá mi tán, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Bùròdá Láńre bínú.

“Khalas, ìyá, ó tó! Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Odindi ọjọ́ tí mi ò ta lọ́fínńdà kankan!”

“Ìwọ máa lọ, Láńre. O ṣeun. Èmi àti Àjọkẹ́ á dúró díẹ̀ sí i.”

Bùròdá Láńre kùn, wọ́n kùn, wọ́n sì tún jókòó. Ẹni tí kò dákẹ́ ẹnu ni, ṣùgbọ́n ọmọ gidi ni. Ìyá àgbà lọ kírun ní yàrá àdúrà ibẹ̀, wọ́n padà wá. Ojú wọn pọ́n. Èmi náà wá ń sunkún láìdún, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nínú pátíṣàn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, èrò wá ń tú wọ ibẹ̀ bí omi tó já ìdènà. Atẹ́gùn ta gíláàsì. Ìyá àgbà dìde, bóyá nítorí ó ti di bárakú. Orí ọkọ̀ yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, àfi bí mo ṣe rí ọkùnrin kan nídìí gíláàsì iwájú gangan: ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà, àmì léjìká, fìlà iṣẹ́ lórí, ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ lórí gíláàsì, ó na ọrùn síwájú bí ẹni tó ń fi ojú fa ọkọ̀ náà.

Ìyá àgbà ò wo ojú. Fìlà àti àmì ni wọ́n wò. Wọ́n kúnlẹ̀ gbì sórí ilẹ̀ dídán yẹn, wọ́n na ẹyin síwájú, ohùn wọn sì jáde bó ṣe ń jáde ní Ọ̀fà, nígbà tí mi ò tíì sí láyé:

“Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà o!”

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin náà já jáde láàárín èrò.

“Yéè! Màámi, ẹ dìde! Èmi ni! Èmi Àkànní ni!”

Ta ló rí i rí kí ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ? Bàbá mi ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun taṣọ iṣẹ́, àyà kan ilẹ̀, fìlà yí lọ. Àwọn òyìnbó rò pé ó dákú. Sìkọ́rítì ibẹ̀ sáré wá pẹ̀lú ike omi. Ìyá lórí eékún, ọmọ lórí àyà, ẹnìkan ò fẹ́ kọ́kọ́ dìde, Bùròdá Láńre sì dúró sáàárín wọn tí wọ́n ń wí fún gbogbo ènìyàn pé, “No problem, no problem. It is greeting. They are greeting.”

Ibi tí wọ́n ti ń kíra wọn ni ìlẹ̀kùn ti pa dé, ọkọ̀ sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá àgbà gbójú sókè, wọ́n wò ó títí iná ẹ̀yìn rẹ̀ fi wọ òkùnkùn. Wọ́n wo bàbá mi nílẹ̀.

“Àkànní, ọkọ̀ rẹ ti lọ.”

“Ẹ jẹ́ kó máa lọ, Màámi. Kì í ṣe èmi ni mo ń wà á. Mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mi ò lọ sùn, mo ní kí n wá bá yín ni.”

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn pẹ́, ó mú omijé dání. Wọ́n fi ẹyin lé bàbá mi lọ́wọ́, bàbá mi sáré fi í sápò kí sìkọ́rítì tó rí i. Bùròdá Láńre ní ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Ṣájà, ṣé a ti ríra. Ìyá àgbà ní rárá.

“Mo fẹ́ rí ibi tí ọmọ mi ń jókòó sí. Àkànní, ìwọ lọ dúró síwájú. Ẹni tí mo bá kí ni awakọ̀.”

Bí a ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bàbá mi dúró nídìí gíláàsì, èmi dúró sáàárín ẹsẹ̀ wọn. Òkùnkùn, òkùnkùn, lẹ́yìn náà ọkọ̀ já kúrò nínú ilẹ̀, ó gòkè, gbogbo Dùbáì sì tú jáde lábẹ́ wa pẹ̀lú oòrùn pupa lójú rẹ̀. Àní àwọn kírénì tó dúró yẹn lẹ́wà. Ìyá àgbà di okùn ìdìmú tó rọ̀ sókè mú, wọ́n ń dárúkọ ibùdókọ̀ Ọ̀fà dé Ìlọrin lábẹ́nu bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà. Ní JLT, wọ́n fọwọ́ kan ògiri ilé gogoro tó ṣófo náà, wọ́n ṣàdúrà pé á kún. Bàbá mi jókòó sétí omi ibẹ̀, wọ́n jẹ ẹyin méjèèjì. Ìyá àgbà ń wò wọ́n lẹ́nu bí ẹni tí òun náà ń jẹun, wọ́n ní, “Rọra, ọkọ̀ ò ní í já ọ sílẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ bàálù lọ. Wọn ò tún fojú kan ara wọn mọ́ láyé.

Ní báyìí, èmi náà ti di ìyálọ́jà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Al Majaz, ní Ṣájà níbí, tí mo ti ń ta irun àti abaya, ẹni tó bá sì fẹ́ dín owó jù, ẹnu mi wà níbẹ̀. Àdúrà Ìyá àgbà gbà: ilé gogoro tí bàbá mi ń ṣọ́ ti kún, wọ́n tilẹ̀ ń jà lórí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Nígbà yẹn, a máa ń wo ọkọ̀, a máa ń wo ara wa. Nísinsìnyí gbogbo ọrùn ti tẹ̀ sórí fóònù, ẹni tó jókòó tì ọ́ lè bímọ kí o má mọ̀. Ẹnìkan ò bi ara rẹ̀ mọ́ pé ta ló ń wà wá lọ.

Ṣùgbọ́n èmi ò lè pa òfin ilé wa tì. Bí mo bá ń lọ ra ọjà ní Deira, ní Dùbáì, iwájú mẹ́tírò pátápátá ni mo máa ń gbà wọlé, ẹni tí mo bá sì bá nídìí gíláàsì, òun ni mo máa ń kí. Àwọn mìíràn á sún fún mi, wọ́n á rò pé orí mi dàrú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin India kan ni mo bá níbẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ ò sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí ọkọ̀ tí kò sí mú, ó ń yí i.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” mo wí fún un. “Ẹ kú ewu ọ̀nà.”

Kò wẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ kan sókè sí mi, bí ẹni tí ojú ọ̀nà kò gbà láyè, ó sì dá a padà sórí ìdarí kíákíá. Ọkàn mi balẹ̀. Mo gbé báàgì mi kalẹ̀, mo jókòó.